Síkì fún ọmọ ọdún mẹ́rin: ṣé kí n gbà ni, àbí kí n kọ̀?

ÌyáMòjí (Ilé-Ifẹ̀) · 14 Oṣù Keje, 9:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ọkọ mi rí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún kan ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé. Tí Ọlọ́run bá fẹ́, ìparí oṣù tó ń bọ̀ la máa gbéra, tọmọtọmọ. Mòjí ti pé ọdún méje, àbúrò rẹ̀ Tẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. Ìyàwó ọ̀gá tí ọkọ mi máa bá ṣiṣẹ́ ti kọ̀wé sí mi. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ kì í lọ síléèwé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì ń kó wọn lọ sórí òkè lọ kọ́ síkì nígbà òtútù. Ó ní kí n tètè fi orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ kí ààyè tó kún.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, yìnyín tí mo mọ̀ ni èyí tó máa ń bọ́ lu páànù nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí à ń sáré ṣà sínú kọ́ọ̀pù. Òjò dídì, orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti ń rí i. Kí wọ́n wá de pákó mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin, kí wọ́n sì dà á sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè? Ìyá ọkọ mi ní Iléṣà ti gbọ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ la fẹ́ lọ ṣẹ́ lọ́hùn-ún, ká yáa fi Tẹ̀mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ọkọ mi ní kò sí nǹkan ńbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun náà ò fi ẹsẹ̀ kan síkì rí!

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìlú òtútù, ọmọ ọdún mélòó ló ń bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n rà? Ṣé àwa òbí ò lè kọ́ wọn fúnra wa ká fowó pamọ́?

---

ỌmọÒṣómàáló (Calgary) · 14 Oṣù Keje, 10:05 alẹ́

Àǹtí, ẹ kú ìmúra. Ọmọ Iléṣà ni mí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà ní Calgary. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti kọ́ síkì, ọmọ ọdún mẹ́rin sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà nígbà yẹn. Ibi tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ọdún 1988 ni mo kó wọn lọ, inú ìlú níbí náà ló wà.

Ẹ kọ́kọ́ gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n yẹn kúrò lọ́kàn. Àwọn tí ẹ ń wò níbẹ̀, ìje ni wọ́n ń sá. Ibi tí wọ́n ń kó ọmọ kékeré lọ, tí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀, á kọ́kọ́ rò ó kó tó yí. Wọ́n fi àwọ̀n yí i ká. Kápẹ́ẹ̀tì kan wà nílẹ̀ tó ń rìn fúnra rẹ̀, bí èyí tó ń gbé báàgì kiri ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ á dúró lé e, á gbé e gòkè, á yọ̀ wálẹ̀, á tún padà lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n sábà máa ń wọ síkì sí fún wọn, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ kejì ti ara wọn kiri níbi tó tẹ́jú. Ọ̀pá ọwọ́ tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọn kì í fún ọmọdé. Ojú ara wọn ni wọ́n máa fi gún.

Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń dúró. Imú síkì méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn níwájú, ìdí wọn á yà síra lẹ́yìn. Tíṣà á máa pè é ní píṣà. Èmi sọ fún àwọn tèmi pé òrùlé ni, torí orí ilé ló jọ. Bí òrùlé bá fẹ̀, eré á dín kù. Bó bá tóóró, eré á pọ̀ sí i. Bí síkì méjèèjì bá wá dúró gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tí tíṣà ń pè ní pọ̀tétò díndín, ó di fíò nìyẹn.

Orúnkún gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí àyà sì wà níwájú. Ọmọdé fẹ́ràn láti fì sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga, ibẹ̀ ni ìṣubú ti ń wá. Ẹ sọ fún Màámi ní Iléṣà pé kì í ṣe nǹkan tuntun nílé wa. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn, òṣó ni wọ́n ń ló lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó á fi jáde. Òṣómàáló ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ yẹn 😂

---

BàbáLágere (Ilé-Ifẹ̀) · 15 Oṣù Keje, 6:48 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi o. Kí ni ọmọ Ifẹ̀ fẹ́ fi síkì ṣe tó bá padà dé? Ṣé orí òkè tó wà lẹ́yìn yunifásítì ni yóò ti máa yọ̀? Owó bàtà, owó pákó, owó tíṣà, owó ọkọ̀. Ẹ kó wọn lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Omi ò sí níbi tí kò sí.

---

ỌmọModákẹ́kẹ́ (Ìbàdàn) · 15 Oṣù Keje, 8:30 àárọ̀

Bàbá wa, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí Grenoble ni mo ti kàwé gboyè. Ìlú yẹn, òkè ló yí i ká. Ibikíbi tí ẹ bá kọjú sí, òkè ni. Ìgbà òtútù, ọmọ tí kò bá mọ síkì níbẹ̀ dà bí ọmọ Ifẹ̀ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Gbogbo kíláàsì á ti lọ, òun nìkan á wà nílé.

Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti wáyé ní Grenoble ní 1968. Chamrousse, tó jìn tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlú, ni wọ́n ti sá ìje síkì orí òkè, ibẹ̀ sì ni Jean-Claude Killy ti gba wúrà mẹ́ta. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń kó ọmọ wọn lọ títí dòní. Bọ́ọ̀sì ń gòkè lọ láti ìlú. Ẹ mú ọ̀rá dání, àǹtí, ọ̀nà yẹn lọ́ bí ìfun, ọmọ á bì.

Iléèwé síkì tí ẹ máa rí níbi gbogbo ni École du Ski Français, ESF ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Aṣọ pupa ni àwọn tíṣà wọn ń wọ̀. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ní ọgbà tiwọn tí wọ́n ń pè ní Piou-Piou, ìyẹn igbe òròmọdìẹ. Tẹ̀mí, ibẹ̀ ló ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ourson, ọmọ béárì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Flocon, ẹyọ òjò dídì. Kó tó wá kan àwọn ìràwọ̀: ìkíní, ìkejì, ìkẹta, bàbà, wúrà. Bí ọmọ bá yege, wọ́n á fún un ní àmì kékeré kan tó máa fi há àyà. Ẹ ò tíì rí nǹkan tí ọmọdé ń fi yangàn tó o. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n fi ń pín wọn sí kíláàsì, nítorí náà Mòjí lè bá àwọn tó kéré sí i ṣe kíláàsì kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀ kó má bàa rò pé wọ́n rẹ òun sílẹ̀.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń sàmì sí ọ̀nà orí òkè níbẹ̀. Ewé ló rọrùn jù, búlúù tẹ̀ lé e, pupa le, dúdú ò ṣeé fẹnu sọ. Òfin tí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó kúrò nínú ọgbà ni pé ẹni tó wà níwájú nísàlẹ̀ ló lọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè ló gbọ́dọ̀ yà fún un.

Ti owó tí Bàbá sọ, òótọ́ ni. Ẹ má ra síkì, ẹ má ra bàtà síkì. Ẹ háyà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọdé kì í dúró dè yín. Aṣọ nìkan ni kí ẹ rà, ẹ sì lè rí i ní òkìríkà: láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ọjà àlòkù síkì máa ń wà káàkiri àdúgbò. Ẹ bèèrè ìnṣọ́ránsì nígbà tí ẹ bá ń fi orúkọ sílẹ̀, ẹ má fò ó. Ẹ sì yẹra fún ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi oṣù kejì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ìsinmi yẹn sí nílẹ̀ Faransé kí gbogbo ìlú má bàa gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ èrò inú rẹ̀ dà bí Ọjà Ọba ọjọ́ ọdún.

---

Nọ́ọ̀sìÀgbà (Iléṣà) · 15 Oṣù Keje, 1:12 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bàtà àti pákó, ẹnikẹ́ni ò bèèrè jẹ́nótáìpù.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó bá jẹ́ SS, òtútù nìkan tó láti ta ìrora rẹ̀ jí, kí ẹ tó wá fi òkè gíga tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ kún un, àti òùngbẹ, àti àárẹ̀. Gbogbo nǹkan tó ń fa ìrora inú egungun fún ẹlẹ́jẹ̀ fòní-kú-fọ̀la-dìde ló péjọ sórí òkè yẹn. Ẹ má gbé e débẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó mọ ìtàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. AS kì í sábà ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí ikùn apá òsì bá ń dùn ún lórí òkè, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ kíákíá, kí ẹ sì sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ fún dókítà ibẹ̀. Wọ́n lè máà ronú kàn án.

Ìkejì ni oòrùn. Ẹ ó sọ pé nọ́ọ̀sì ti darúgbó, òtútù la wí, ó ń sọ ti oòrùn. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lè dá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń jó ara padà sójú ẹni. Ó sì ń le sí i ní nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún gbogbo 1,000 mítà tí ẹ bá gùn. Awọ dúdú náà ń jóná, ojú sì ń ta. Awò ńlá tó bo ojú dáadáa, ìpara oòrùn sí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òrí dára fún afẹ́fẹ́ tó ń gé ẹ̀tẹ̀, ẹ fi pa á, ṣùgbọ́n kì í dípò ìpara oòrùn.

---

ÌyáMòjí (Ilé-Ifẹ̀) · 15 Oṣù Keje, 9:41 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, mà. AA làwọn méjèèjì, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ òkìríkà yẹn ti mú ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, Bàbá Lágere náà ẹ ṣeun.

Ìbéèrè mi lóru yìí: àṣíborí. Mòjí nírun, ó pọ̀, ṣùkú ló sì fẹ́ràn. Báwo la ṣe fẹ́ ki orí bẹ́ẹ̀ bọ àṣíborí?

---

ÌyáÌbejì_Milano · 15 Oṣù Keje, 11:20 alẹ́

Hẹn-ẹn! Ẹ ti dé ibi tí mo mọ̀ ju tíṣà lọ.

Ní Italy tí mo wà, òfin ló ní kí ọmọdé dé àṣíborí. Láti 2005 ló ti jẹ́ dandan fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìnlá, ní 2022 wọ́n sì gbé e dé ọdún méjìdínlógún, láti ìparí 2025 ó ti di dandan fún tọmọdé tàgbà. Nítorí náà kò sí "orí ń dùn mí". Ọdún àkọ́kọ́ wa, mo di ṣùkú fún àwọn ìbejì mi, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n rẹwà bí ọmọ ọba. A dé ibi tí wọ́n ti ń háyà nǹkan, àṣíborí ò wọlé. Ọkùnrin yẹn mú nọ́ńbà tó tóbi jù wá. Ó wọ̀, ṣùgbọ́n orí ṣùkú ló jókòó lé, ó ń mì jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀ bí igbá tí wọ́n da dé òkúta. Àṣíborí tó ń mì ò wúlò fún nǹkan kan. Inú mọ́tò ni mo ti tú irun orí méjì lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi ti kú, Táíwò ń sunkún, Kẹ́hìndé ń jẹ bísíkíìtì.

Kólẹ́sẹ̀ ni kí ẹ dì, tínrín, kó lẹ̀ mọ́ orí, kó wálẹ̀ sí ìpàkó. Kí ìdí rẹ̀ parí ní ọrùn, kó má ní kókó níbi tí àṣíborí ti tẹ orí lẹ́yìn. Ìlẹ̀kẹ̀, rárá. Bó bá ṣubú sẹ́yìn, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ wọ orí rẹ̀. Ẹ má fi fìlà òtútù nípọn sábẹ́ àṣíborí, tínrín ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ gbọn orí rẹ̀ wò kí ẹ tó de okùn àgbọ̀n: bí àṣíborí bá ń dá rìn, ó tóbi nìyẹn.

Ìbọ̀sẹ̀: ẹyọ kan. Mo tún un sọ, ẹyọ kan, gígùn dé orúnkún, tí kì í ṣe òwú. Gbogbo ìyá Nàìjíríà ló máa fẹ́ wọ méjì fún ọmọ. Tí ẹ bá wọ méjì, á ká jọ nínú bàtà, á fún ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dáadáa, ẹsẹ̀ á sì tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá dúró gbọọrọ nínú bàtà síkì, kí ọmọ ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú. Bó bá tẹ orúnkún, kó fà sẹ́yìn díẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí kò pín ìka síra ló ń mú ọwọ́ ọmọdé móoru. Síkáàfù, ẹ má ṣe é, ó lè há sínú ẹ̀rọ. Ohun ọrùn róbótó tí wọ́n ń fà wọ̀ láti orí ni wọ́n ń lò. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú náà, ẹ fi sílé: bó bá gba òógùn, á di omi tútù lára ọmọ.

Kẹ́ ẹ sì mú wọn lọ tọ̀ kí ẹ tó wọ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ o. Ṣáájú.

---

Bọ̀dáLeeds · 16 Oṣù Keje, 7:15 àárọ̀

Wọ́n bèèrè bóyá òbí lè kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Mo kó ìdílé mi lọ sí Scotland ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Èmi ti kọ́ síkì nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo sì gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ní kí n fi owó tíṣà pamọ́. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún.

Ààbọ̀ wákàtí la lò níbi tó tẹ́jú. Ó ṣe dáadáa, orí mi wú. Mo wá gbé e gun ẹ̀rọ àga tó ń gbéni gòkè. Nígbà tá a dé òkè, tó wo ìsàlẹ̀, ó jókòó. Kò sunkún, kò pariwo, ó kàn jókòó sínú òjò dídì, ó ní "Dádì, mi ò lọ mọ́." Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣèlérí ṣokoléètì, mo tiẹ̀ jágbe mọ́ ọn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ìgbà tó yá, mo pọ̀n ọ́n, mo kó síkì rẹ̀ méjì àti tèmi méjì dání, mo fi ẹsẹ̀ rin gbogbo òkè yẹn sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin tó tẹ̀ lé tíṣà wọn ń kọjá lára wa lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

Ọdún méjì gbáko ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ síkì sétí. Ìgbà tó gbà nígbẹ̀yìn, tíṣà obìnrin kan ló mú un. Nǹkan tó kọ̀ fún mi fún gbogbo ọ̀sánkan yẹn, ó ṣe é fún obìnrin yẹn láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ kì í fẹ́ kí bàbá òun rí òun nígbà tí nǹkan ò tíì yé òun. Ẹ san owó tíṣà, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀.

---

ÌyáÀgbàErejà (Iléṣà) · 16 Oṣù Keje, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o. Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ẹ ẹ̀ tíì dáhùn ọ̀rọ̀ ìyá tó ní ẹsẹ̀ ọmọ máa ṣẹ́. Bí ọmọ bá ṣubú tí pákó gígùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ta ló máa yọ ọ́?

---

ỌmọÒṣómàáló (Calgary) · 16 Oṣù Keje, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Wọn ò so ó pa, mà. Irin kan ló di bàtà mú níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n débi pé bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ lọ́, irin á já, síkì á bọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n ọmọ, gíga rẹ̀, gígùn bàtà rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ bù mọ́ kílò ọmọ níbi tí ẹ ti ń háyà. Bí ẹ bá sọ pé ó wọ̀n ju bó ṣe wọ̀n lọ, irin yẹn ò ní já nígbà tó yẹ. Síkì fúnra rẹ̀ ò sì gùn: ti àkọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ju kó dé àyà tàbí àgbọ̀n ọmọ.

Mi ò ní parọ́ pé ẹsẹ̀ kì í ṣẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò jìn sí ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n máa ń ṣubú, wọ́n máa ń dìde, bíi ìgbà tí àwa ń jókòó sórí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tá a ń yọ̀ lórí amọ̀ pupa lẹ́yìn òjò, tí ẹ̀yin ìyá wa á wá na wá torí ṣòkòtò tó ya.

---

ÌyáÀgbàErejà (Iléṣà) · 16 Oṣù Keje, 6:44 ìrọ̀lẹ́

Ìwọ ọmọ ta ni ní Iléṣà? Ó dà bí ẹni pé mo ti nà ọ́ rí.

---

BàbáLágere (Ilé-Ifẹ̀) · 17 Oṣù Keje, 7:00 àárọ̀

Mo ṣì ń bèèrè: ọmọ Nàìjíríà wo ló ti fi síkì ṣe nǹkan?

---

ỌmọModákẹ́kẹ́ (Ìbàdàn) · 17 Oṣù Keje, 7:25 àárọ̀

Samuel Ikpefan, sà. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ló sì ṣojú fún nínú síkì orí ilẹ̀ gbọọrọ ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2022. Ṣáájú ìyẹn, ní Pyeongchang 2018, Seun Adigun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ọkọ̀ orí yìnyín sáré fún wa, Simidele Adeagbo náà sì dojú bolẹ̀ lórí tirẹ̀, ó fi sáré. Ẹ ò sì ní láti kúrò ní Áfíríkà kí ẹ tó rí òkè síkì: Lesotho ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Afriski, Morocco ní Oukaïmeden.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí Òlíńpíìkì ni àǹtí ṣe bèèrè. Kí ọmọ rí ọ̀rẹ́ bá ṣeré ní Ọjọ́rú ni.

---

ÌyáMòjí (Grenoble) · 11 Oṣù Kejì, 10:18 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí pé màá padà wá jábọ̀, òtútù ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí.

Ọjọ́rú karùn-ún wa lónìí ní Chamrousse. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, torí ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ẹrù padà sílé. Bọ́ọ̀sì yẹn lọ́ bí wọ́n ṣe wí, Tẹ̀mí bì sínú ọ̀rá, mo ní a ti ṣeun. A dé ibi ìháyà. Wíwọ bàtà síkì fún ọmọ ọdún mẹ́rin dà bí ìgbà tí èèyàn ń ki ewúrẹ́ sínú àpò. Ó líle bíi ike garawa, kò tẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo tì, ó ní "Mọ́mì, ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀." Nígbà tí mo fi máa di irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òógùn ti bò mí nínú kóòtù.

Ní ẹnu ọgbà, ó di síìpù kóòtù mi mú. Kò jẹ́ kí n lọ. Tíṣà rẹ̀ jẹ́ ọmọge kan tó wọ pupa, kò tiẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ọmọlangidi béárì kan sórí òjò dídì, ó gbé òmíràn síwájú díẹ̀, ó ń rìn láàárín wọn bí pẹ́pẹ́yẹ. Tẹ̀mí ń wò ó. Ó fi síìpù sílẹ̀. Obìnrin náà fi ojú ṣe mí báyìí pé kí n wábi gbà. Mo lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ṣokoléètì gbígbóná, mo ń yọjú bí olè.

Faransé tó gbọ́ nígbà yẹn ò ju "bonjour" lọ. Kò dí i lọ́wọ́. Ohun tí ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ bá ṣe lòun náà ń ṣe. Kápẹ́ẹ̀tì tó ń rìn yẹn nìkan ló fìyà jẹ ẹ́: ó dé òpin, ó gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ń wo òkè, ọmọ mẹ́ta sì kọ lù ú lẹ́yìn. Gbogbo wọn wó pọ̀ bí àpò gàrí. Ọkàn mi já. Kó tó di pé mo dé ibi àwọ̀n, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe tèmi rèé, ÌyáÌbejì ẹ má nà mí. Ọjọ́rú kejì, òtútù wá le gan-an, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì fún un. Ọwọ́ ìyá ni. Kò pé ogójì ìṣẹ́jú tí tíṣà mú un wá bá mi, ó ń sunkún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí ẹja inú fírísà. Mo gbé ẹsẹ̀ yẹn sínú abíyá mi títí ó fi móoru. A lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹyọ kan ni mo wọ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ òtútù ọjọ́ yẹn tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sọ nǹkan kan.

Mòjí ò ní wàhálà. Ó kọ́kọ́ bínú pé wọ́n fi òun sáàárín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́rú kẹta wọ́n ti gbé e lọ sí ọ̀nà ewé. Kólẹ́sẹ̀ ló dì láti oṣù kìíní, ó sì ti ní kí n má dì í ní ṣùkú mọ́ títí òjò dídì á fi tán. Tẹ̀mí, ní ilé, kò rìn bí èèyàn mọ́. Ìka ẹsẹ̀ síra, gìgísẹ̀ síta, á gba pálọ̀ kọjá lọ sí kíṣìnì, á máa pariwo "òrùlé! òrùlé!" Aládùúgbò ìsàlẹ̀ ti wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

Lónìí, mo fi fóònù pe ìyá ọkọ mi ní Iléṣà nígbà tó ń bọ̀ láti òkè kékeré yẹn, kí wọ́n lè rí i pẹ̀lú ojú wọn. Ó ń bọ̀, òrùlé fẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nà bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀. Ọmọ kan nínú aṣọ yẹ́lò kọjá lára rẹ̀ fíò. Tẹ̀mí wò ó, ó fì sẹ́yìn, ó jókòó gbì. Màámi pariwo. Ó ti dìde kí wọ́n tó pariwo tán. Ó yọ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ béárì, ó dúró. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n wá ní: "Ọmọ ta ni èyí tó wọ yẹ́lò, tó kọjá lára ẹni tí kò kí i?"

---

ÌyáÌbejì_Milano · 11 Oṣù Kejì, 10:40 alẹ́

Ìbọ̀sẹ̀ méjì! Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì!! 😂 Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ bá mi gbé Tẹ̀mí jó.

---

Bọ̀dáLeeds · 11 Oṣù Kejì, 11:02 alẹ́

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ṣokoléètì ni ibi tó yẹ òbí. Mo fi hàn ọmọ mi, ó ní "Dádì, ṣé o ti rí i."

---

BàbáLágere (Ilé-Ifẹ̀) · 12 Oṣù Kejì, 6:31 àárọ̀

Ẹ kú ewu. Ọmọ mi tó wà ní Norway ní kí n wá kí àwọn lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní bàbá àgbà gbọ́dọ̀ bá àwọn dé orí òkè. Mi ò sọ pé mo máa wọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀ o. Mo kàn ń bèèrè ni: àgbàlagbà ńkọ́, ìbọ̀sẹ̀ kan náà ni?

---

ÌyáÌbejì_Milano · 12 Oṣù Kejì, 6:58 àárọ̀

Ẹyọ kan, sà.